Ìwé Àlàyé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ Kọ

Mo rántí ìgbà tí mo gbà tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ dídùn àti mítìpáì gbígbóná ti tó láti mú àwọn tó ń kọ kóòdù jókòó kọ ìwé àlàyé. Yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Iyana-Iba la ti máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, tí ariwo ẹ̀rọ fọtokópì á máa gba ìsàlẹ̀ gòkè wá bá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ làwọn kan nínú wa, àwọn kan ń tún fóònù ṣe, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ètò orí fóònù kan ló kó wa jọ, èyí tí àwọn aránṣọ fi ń tọ́jú ìwọ̀n àwọn oníbàárà wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tá a kọ tó ń mú un ṣiṣẹ́, wà ní gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù lè mú un, kó tún un ṣe, kó sì dá àtúnṣe náà padà fún gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìyá wọn ń ránṣọ ní Okokomaiko, ó sì ti sú ẹ̀gbọ́n láti máa wo bí ìyá ṣe ń tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù nítorí ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, orí ẹ̀gbọ́n ló wà. Tí nǹkan bá dojú rú mọ́ ẹ lọ́wọ́, wàá pè wọ́n, wọ́n á sì ní, "Má sáré. Mo wà pẹ̀lú ẹ." Wọ́n á máa fà ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi débi tó ò ń lọ. Mi ò tíì rí ẹni tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, gbogbo wa la fẹ́ràn wọn.

Ẹ̀gbọ́n wá lóyún, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Dókítà ní kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n gbàgbé fóònù. Ta ló fẹ́ máa dá àwọn èèyàn lóhùn? Tí kò bá sí ìwé àlàyé tó júwe bí wọ́n ṣe ń lò ó, ètò náà máa kú ni. Èyí tó tún ń já mi láyà jù ni pé mo mọ ẹ̀gbọ́n: tí fóònù bá ti ń dún, wọ́n máa gbé e, kódà kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n wà.

Èmi ni ẹgbẹ́ ní kí n bá àwọn tó ń kọ kóòdù sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè kọ ọ́, torí wọ́n ní ẹnu mi dùn, wọ́n sì ń pè mí ní Alága. Ha, mo sọ̀rọ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e! Gbogbo gírámà tí mo ní ni mo kó síta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n jẹ mítìpáì, wọ́n sì padà sídìí kóòdù wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Iba wà láàárín wa tó mọ kóòdù ju gbogbo wa lọ, tí ẹnu ẹ̀ sì mú. Ó ní, "Alága, ẹ jẹ́ n ráyè ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ tíṣà nìyẹn." Inú bí mi. Ṣùgbọ́n èmi alára ò tíì kọ ojú ìwé kan.

Ní Sátidé kan tí Iléyá ti ń sún mọ́lé, bàbá kan ṣèèṣì gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Ó fẹ́ lọ ra àgbò ní Alaba Rago, kò sì mọ ibi tí òun ti máa wọkọ̀. Kí n tó la ẹnu, ọmọ Iba ti pa kọ̀ǹpútà ẹ̀ dé, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, bàbá, màá sìn yín dé ìdí ọkọ̀." Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó wọlé tòun ti òógùn, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò ráyè kọ̀wé ti wá ráyè rìn. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Ó ní ṣé kí òun kàn nawọ́ sọ́nà fún àgbàlagbà ni, kó lọ ṣìnà?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé mi nìyẹn. Bá a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa nìyẹn lóòótọ́: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà, a máa dìde sìn ín ni. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ti ń fi fóònù ṣe fún wa látọjọ́ yìí náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ronú àtijúwe ọ̀nà náà fún ẹlòmíì. Mo bi ọmọ Iba pé kí ló ń bá bàbá yẹn sọ lójú ọ̀nà. Ó ní òun sọ fún un pé tí kọ̀ńdọ́ bá pariwo Alaba, kó kọ́kọ́ bi í bóyá Rago ni, torí Alaba méjì ló wà, wọ́n lè já a sí ọjà tẹlifíṣọ̀n, kó sì di fóònù ẹ̀ mú.

Mo ní, "Kọ ọ́ báyẹn gan-an. Ká ní aránṣọ kan ti bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kò mọ ibì kankan, ìwọ ò sì ní sí níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wàá bá a sọ lọ́nà ká ní ò ń sìn ín, kọ ọ́ sílẹ̀ fún un."

Ó họ orí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, kálukú pẹ̀lú ibi tí ẹ̀gbọ́n ti sin òun kọjá gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, Yorùbá àti òyìnbó pọ̀ mọ́ra wọn. Nígbà tí mo ń tún un kà, mo rí i pé ibi gbogbo tí nǹkan ti le ni wọ́n kọ "Má sáré. Mo wà pẹ̀lú ẹ" sí. Mo fẹ́ yọ ọ́, mo ní wọn kì í kọ irú ẹ̀ sínú ìwé àlàyé. Ọmọ Iba ò gbà. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni àyà èèyàn ti máa ń já. Mo bá fi sílẹ̀.

Fóònù ẹ̀gbọ́n dákẹ́, wọ́n sinmi, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan. Wọ́n pè mí, mi ò gbọ́. Ìgbà tí mo máa pè wọ́n padà níwájú Navy Town, ẹ̀rù ti ń bà mí pé bóyá nǹkan ṣe ọmọ. Wọ́n wá ní àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ nínú ìwé àlàyé. Wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun wà pẹ̀lú mi?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n bú sẹ́kún, ọmọ náà gbà á, èmi náà sì dúró lẹ́bàá títì, mò ń nu ojú.

Ọmọ yẹn ti ń lọ iléèwé báyìí. Ọmọ Iba ló ń bá àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, láìra mítìpáì. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan láti ilẹ̀ tí mi ò dé rí, tó fẹ́ bá wa túmọ̀ ìwé náà sí èdè tiẹ̀, kọ̀wé sí mi. Ó ní gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò kọ́ èèyàn ní nǹkan kan, ṣé kí òun yọ ọ́? Mo rẹ́rìn-ín síra mi. Mo ní kó túmọ̀ òun náà, kó sì rí i dájú pé ó wà níbi tí nǹkan ti le.