Ọ̀rọ̀ Tí A Lọ Wò ní Mile 2

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí ọwọ́ mi tó tó ẹnu ẹ̀rọ omi nílé ìdáná wa ní Festac, a kì í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé nìkan nílé wa. À ń rìn lọ wò ó ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ á mọ irú bàbá tí mo ní, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó gbà pé ìmọ̀ ni ogún tó dára jù.

Láràárọ̀ Sátidé, tí a bá ti fọ aṣọ, tí a sì ti nu ilẹ̀ tán, bàbá mi á kọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan sára pátákó dúdú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ under, ó lè jẹ́ out. Oṣù kan gbáko la fi wà lórí over. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ wá gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti fojú rí i. Bàbá mi a ní, “Ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ ò bá rí, má fi ẹnu gbé e.”

Èmi tí mo fẹ́ràn oúnjẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù tí màmá mi fi pamọ́ fún dòdò ọjọ́ Àìkú ni mo fi ṣe ẹ̀rí overripe. Mo sì jẹ ẹ̀rí náà tán kí wọ́n tó rí i. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Síbẹ̀, bàbá mi kọ ọ̀rọ̀ náà sára pátákó, nítorí ó tọ̀nà.

Rísì ni ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa. Ìyá rẹ̀ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní Mazamaza. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rísì ti fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ sì ti pinnu pé bí táàmù bá ti parí, ṣọ́ọ̀bù ló kàn. Kì í ṣe ìkà. Òun náà ò rí iléèwé lọ, ó sì ń jẹun. Nígbà tí mo gbọ́, mo bá sọ fún bàbá mi.

Bàbá mi sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ìyá Rísì ní òun ò mọ ohun tí over àti under máa fi kún ọjà òun. Bàbá mi ò jiyàn. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa rìn ní Sátidé kan péré, ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà, abẹ gé e.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Mile 2, tí èéfín dísẹ́lì ń ta wá lójú, tí àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ ń pariwo nísàlẹ̀. Bàbá mi bi Rísì pé kí ló rí. Rísì kàn ń wo ìyá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ bá a dáhùn, ṣùgbọ́n bàbá mi fojú dá mi dúró.

Lọ́rì kan tó kó àpò àlùbọ́sà wá ń bọ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ara Ìyá Rísì ò gbà á mọ́. “Ẹrù yẹn ti pọ̀ jù,” ó ní. “Tó bá dé kòtò iwájú yẹn, á dojú dé.”

Bàbá mi yíjú sí Rísì pé kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Rísì rọra ní overload. Ó tún ronú, ó ní overturn. Bọ́ọ̀sì kan sáré ya èkejì sílẹ̀, ìyá bú awakọ̀ náà, ọmọ ní overtake. Ìyá tún rántí ọjà òun tó sùn mọ́jú ní gáréèjì, ọmọ ní overnight. Kí a tó kúrò níbẹ̀, Rísì ti ní ọ̀rọ̀ méje. Èmi ò ní ju méjì lọ.

Ìyá Rísì di irin afárá mú. “Bàbá Dúpẹ́, gbogbo ohun tí ẹ̀ ń kọ́ wọn yìí, mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, mà,” bàbá mi dáhùn. “Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló kù.”

Ìyá Rísì fi irin afárá sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa lọ iléèwé rẹ̀, kó bá mi kọ́ ìyẹn, nígbà náà.”

Rísì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi ọ̀rọ̀ márùn-ún jù mí.

Lónìí, olùkọ́ ni Rísì ní Amuwo. Ọmọ tèmi, tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, fóònù ló ń bi, ìtumọ̀ á sì jáde kéèyàn tó ṣẹ́jú. Mi ò bá fóònù jà o. Ó mọ ọ̀rọ̀ ju bàbá mi lọ fíìfíì, kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ro ọmọ mi bó ṣe máa ń ro wá. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí fóònù tí yóò sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ ìyá kan nítorí ọmọ rẹ̀.