Ẹ Wá Pàdé Mi O!

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Tí a bá ń kọ ebè iṣu ní Lougba, òun ló máa ń kẹ́yìn, á wá figbe ta: "Ẹ wá pàdé mi o!" Ẹni tó bá ti parí ìlà tirẹ̀ á gba òdìkejì ìlà ẹ̀gbọ́n mi wọlé, á máa kọ ebè bọ̀ títí wọn á fi fojú kojú.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dàgbà, tí kọ̀ǹpútà ṣì ṣọ̀wọ́n, ó ṣe ètò kan sórí rẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó fi hàn wá nílùú Savalou: ẹni tíṣẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn á tẹ bọ́tìnì kan, àwọn yòókù á sì wá bá a ṣe é.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọ̀lẹ yìí, o tún gbé igbe rẹ débẹ̀!"

"Bàbá, ojú ń ti àwọn ọmọ ibẹ̀ láti ké ni. Jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń fìdí rẹmi."