Ọkùnrin Tí Kò Sọ̀kalẹ̀ Lórí Rólà

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ parí. Elric Skeete gbé rédíò ka orí àga rólà, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀ le. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ yọ èpò ní pápá kírikẹ́ẹ̀tì Chapel Rock. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ láti Ìlú Ọba kò pariwo mọ́. Ohùn ẹni tó ń ka orúkọ òkú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ West Indies ti kó ayò mọ́kànlélọ́gọ́ta péré jọ, gbogbo wọn ti jáde. Ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, ọjọ́ kẹta kò sì tíì dé ìdajì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pàdé àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ní ìrìnàjò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn òyìnbó nà wọ́n.

Damario Blenman, ọmọ Chapel Rock, ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ di igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù mú. Bọ́ọ̀lù kejì ló gbé e lọ. Kò jẹ ayò kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló di igi mú ní gbogbo ìrìnàjò náà, ayò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Skeete pa rédíò. Ó ki ọ̀bẹ bọ ilẹ̀ títí èèkù rẹ̀ fi kan koríko.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò sí ẹnì kankan nítòsí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ìrèké ni bàbá rẹ̀ gé títí ó fi kú. Òun náà gé e fún ọdún méjì, kí Licorish tó mú un. Licorish ló ń tọ́jú pápá nígbà náà. Kò sí ẹ̀rọ lára rólà, ọkùnrin mẹ́jọ ló ń fi okùn fà á. Licorish kì í ṣàlàyé. Bí o bá ṣe é dáadáa, á kọjá lọ. Bí o kò bá ṣe é dáadáa, á dúró.

Ohun kan ṣoṣo ló fi ẹnu sọ fún un. Ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín pápá, tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ lù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di igi mú, ilẹ̀ yẹn ni iṣẹ́. Ìyókù pápá, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, gbé bọ́ọ̀lù sókè dé iwájú orí rẹ, jẹ́ kó bọ́. Bó bá ta padà dé àárín ojúgun rẹ, ilẹ̀ yè. Bó bá jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ló mọ, ilẹ̀ ti kú.

Láyé Licorish, ilẹ̀ Chapel Rock yè. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìhà kejì erékùṣù máa ń di aṣọ ìnura mọ́ ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí bọ́ọ̀lù tó ń fò má baà ṣe wọ́n léṣe. Licorish kú. Skeete gba iṣẹ́ náà, ilẹ̀ sì yè fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sí i. Lẹ́yìn náà ni Trevor Applewhaite, tó ń ta mọ́tò, di alága ẹgbẹ́.

Applewhaite pá lórí. Ó bá Skeete lẹ́nu iṣẹ́, ó yọ fìlà.

"Ẹ fá a, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fá koríko yẹn kó rí bí orí mi. Ẹ jẹ́ kó rọ̀. Eré ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó bá parí lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò mutí lọ́jọ́ kẹta? Àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ jẹ ayò. Ayò ni wọ́n ń rí nínú ìwé ìròyìn."

Skeete fá a. Bọ́ọ̀lù kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mọ́. Damario jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Bọ́ọ̀lù yòówù kí wọ́n jù, ẹsẹ̀ iwájú ló ń gbé, nítorí kò sí èyí tó ń fò kọjá ìgbáròkó. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú yẹn jẹ ọgọ́rùn-ún ayò lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Wọ́n mú un sínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ West Indies. Lọ́jọ́ náà, àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé etíkun. Velma tó ni ìsọ̀ ọtí bu ọtí ọ̀fẹ́. Skeete mọ ohun tó ń bọ̀. Ó mọ̀, ó sì mu ọtí náà.

Ìyẹn ló ń bí i nínú jù.

Lọ́jọ́ kejì ìyà òkèèrè yẹn, ọjọ́ Sunday, àwọn ọkùnrin jókòó sí ìsọ̀ Velma lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń ta dómínò. Ètò tí ará ìlú ti máa ń fóònù wọlé ń lọ lórí rédíò. Gbogbo erékùṣù ló ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ fún wọn. Obìnrin kan ní kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lórí òkun bọ̀ wálé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn tí wọ́n mọ̀ wọlé.

Applewhaite ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ọmọ wa ò mọ bọ́ọ̀lù tó ń fò, torí ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ ti kú. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó ń tọ́jú tiwa ní Chapel Rock, àgbàlagbà ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti rọ. Tí sáà yìí bá parí, a máa gbẹ́ ilẹ̀ yẹn dànù, a máa wá ẹlòmíì."

Velma na ọwọ́ sí rédíò. "Elric, ṣé kí n pa á?"

"Jẹ́ kó máa sọ."

Boysie Yearwood, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kò lè pa ẹnu mọ́. Kò pa á mọ́ rí. "Skeete, wọ́n ní ọwọ́ ẹ ti rọ. Ṣé kí n máa bá ẹ gbé dómínò ẹ sílẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Skeete la dómínò mọ́ tábìlì tó fi jẹ́ pé ife mẹ́ta ṣubú.

"Ó rọ?"

Boysie ń nu ọtí kúrò lára ṣòkòtò. "Kò rọ o. Ẹ̀gbọ́n, kò rọ."

Láàárọ̀ Monday, Skeete lọ bá alága ní ilé ìtajà mọ́tò. Kò jókòó.

"Ta ló ní kí n fá a?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ rédíò nìyẹn. Inú ń bí àwọn èèyàn. Ó yẹ ká fún wọn ní nǹkan."

"Ẹ wá fún wọn ní èmi."

"Ẹ gbọ́ ná. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Applewhaite ti ilẹ̀kùn. "Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjì tó ń yan ẹgbẹ́ àpapọ̀ ń bọ̀ wá wo Damario. Ọgọ́rùn-ún ayò ló kù tí yóò gbà á là. Ẹ fá ilẹ̀ yẹn bí ilẹ̀ pálọ̀. Tẹ́ ẹ bá fá a, mi ò wá ẹnì kankan mọ́. Tẹ́ ò bá fá a, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò le."

"Lánàá, ẹ ní ilẹ̀ tó kú ló pa á."

"Àná nìyẹn."

Skeete jáde. Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé ẹ̀rọ ìgékoríko jáde mọ́. Ó bu omi sí ilẹ̀ náà ní Monday, ó bu omi sí i ní Tuesday, ó yí rólà lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì lójúmọ́. Koríko hù, ó ga tó ìdajì èékánná. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń le.

Damario dé láti òkèèrè lọ́jọ́ Wednesday, ó gba ẹ̀yìn pápákọ̀ òfuurufú jáde. Ní Thursday, ó wá sí pápá. Ó wo koríko náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni Skeete wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà."

"Mo lè kà, Bàbá. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí mi lọ́hùn-ún, etí mi ló gbà kọjá. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Kí ló dé tí mi ò fi rí i rí? Ibí ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ bà mí jẹ́."

"Èmi ni."

Ọmọkùnrin náà ti múra ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dá a dúró. "Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì bá wọn jó lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi?"

"Mo mutí. Mi ò jó."

Damario pòṣé. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. "Ó dáa. Ẹ fá a fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ọgọ́rùn-ún yẹn, kí wọ́n tún mú mi lọ."

"Rárá."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Wàá tún lọ gba òdo."

"Òdo mi ni! Kì í ṣe tiyín!" Ó ta garawa omi nípàá, ó sì lọ.

Skeete gbé garawa náà dìde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ yẹn kò níwà. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Nílé, Oriel, ìyàwó rẹ̀, gbé ẹja àti kúkúù, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi ilá rò, síwájú rẹ̀.

"Ṣé wàá fá a?"

"Mi ò fá a."

"Wọ́n á gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ẹ."

"Wọ́n á gbà á."

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lo fi fẹ́ ẹ, èmi wá dà bí àlè. Tí wọ́n bá gbà á, ṣé èmi á wá di ìyàwó?"

Skeete kò rẹ́rìn-ín. Oriel náà kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ojúmọ́ ń mọ́ nígbà tó dé pápá. Ó gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó jẹ́ kó bọ́. Àárín ojúgun. Ó gun rólà, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lórí ilẹ̀ àárín, ní lílọ àti bíbọ̀.

Aago méje ni Applewhaite dé. Ó mú ọkùnrin kan tó ń gé koríko ní hòtẹ́ẹ̀lì wá, tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tó rí àwọ̀ ewé lórí ilẹ̀, ó sáré wọ pápá.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

"Mo ń yí i. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n máa ń yí i."

"Ẹ ti yí i tó!"

"Kò tíì tó."

Rólà yẹn kì í sáré. Alága ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sókè nítorí ariwo ẹ̀rọ. Tí rólà bá dé òpin, tó ń padà sẹ́yìn, òun náà á yí padà. Ọkùnrin hòtẹ́ẹ̀lì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú, ó tún gbé e sẹ́yìn. Kò sí bó ṣe lè wọ ibi tí rólà wà. Rólà tó wúwo bí ọ̀kadà ogún, ta ni yóò dúró síwájú rẹ̀?

Àwọn èèyàn ti ń dé. Boysie dúró létí wáyà. "Alága, ẹ gbé ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ máa gbé o!"

"Skeete! Mo lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́! Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Mo máa lọ tí mo bá yí i tán."

"Ọlọ́pàá ni màá pè!"

"Kí wọ́n wá pẹ̀lú bàtà tí kò ní gìgísẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gún ilẹ̀."

Ohun tó ń dúró dè ni aago mẹ́sàn-án àbọ̀. Gbogbo ẹni tó mọ eré náà mọ̀ ọ́n. Bí àwọn kápẹ́nì méjèèjì bá ti ju owó sókè láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá, ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àwọn rẹfirí ló ni ín.

Àgbà rẹfirí ọjọ́ náà ni Cumberbatch, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wọ pápá. Applewhaite sáré pàdé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ká gé e."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ẹ wà láàárín aago méje sí aago mẹ́sàn-án. Kí lo fi ṣe? Kápẹ́nì, ẹ mú owó wá."

Wọ́n ju owó. Skeete pa rólà. Ó sọ̀ kalẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti wú. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé alága lọ́wọ́, ó gba ẹnu géètì jáde, ó lọ dúró ní ìta wáyà.

Àwọn àlejò tó wá bá wọn díje ló jẹ owó náà, wọ́n ní kí Chapel Rock kọ́kọ́ di igi mú. Damario jẹ ayò méjì. Bọ́ọ̀lù kan fò, ó bà á ní ìbọ̀wọ́, wọ́n hán an, ó sì jáde. Àwọn méjì tó wá wò ó kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọn dúró.

Chapel Rock jẹ ayò méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn àlejò jẹ mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún. Àwọn èèyàn ń bú Skeete láti ẹ̀yìn wá, ó ń gbọ́. Velma nìkan ló fún un ní búrẹ́dì tó fi ẹja sí láàárín.

Nígbà tó ku wákàtí kan kí ọjọ́ parí, Damario tún lọ di igi mú. Ọmọ gíga kan nínú àwọn àlejò ló ń ju bọ́ọ̀lù. Àkọ́kọ́ bà á légùngùn ìhà. Ó tẹ̀ ba, ó dìde. Òmíràn bà á léjìká. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú, ó tún ronú, ó fà á padà sẹ́yìn. Ọ̀kan lu àtàǹpàkò rẹ̀. Kò jáde.

Boysie ní, "Wákàtí kan. Ayò mọ́kànlá. Ìyá àgbà mi lè jẹ mọ́kànlá."

Skeete ní, "Lọ pe ìyá àgbà ẹ wá."

Nígbà tí eré dáwọ́ dúró, Damario kò gba ọ̀dọ̀ àwọn yòókù lọ. Ó gba etí wáyà. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ han bàbá náà. Ó ti pọ́n, ó ti ń dú.

"Ẹ wò ó. Wọ́n ti lọ. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì."

"Bọ́ọ̀lù tó bà ẹ́ lọ́wọ́ yẹn," ni Skeete wí, "o gbé ọwọ́ ga jù."

Damario pòṣé, ó yí padà. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó tún yí padà, ojú rẹ̀ le.

"Ó ga jù báwo?"

Skeete gbé ọwọ́ méjèèjì sókè ní ìta wáyà, ó fi ibi tó yẹ kí ó wà hàn án. Damario gbé igi, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Skeete ní ó ṣì ga. Inú ń bí àwọn méjèèjì gidi. Applewhaite ń pè láti ọ̀nà jíjìn pé òun fẹ́ ti géètì.