Iye Tó Wà Lápò Èló-ni-jálẹ̀

Káfíńtà ni ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n Èló-ni-jálẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí ọjà tí kì í ná títí ọlọ́jà á fi máa wo ara ẹ̀ bí ẹni tó jalè. Òfin kan ló ní: má sọ iye tó wà lápò rẹ fún ẹni tó ń tajà. Ó mọ ohun tó ń sọ. Bí oníbàárà tó fẹ́ kó bá òun kan ilẹ̀kùn bá jẹ́wọ́ fún un pé báyìí lowó òun mọ, iye yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn náà máa ń jẹ́. Mo ti bá a jà sí i rí. Ó kàn fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Etí ìyàwó ẹ̀ ló wá ń di díẹ̀díẹ̀. Béèyàn bi í bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ tó, á ní, "A dúpẹ́." A kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wa rín in. Nígbà tó yá, kò wá sí ìsọ̀ ọkọ ẹ̀ mọ́, níbi táwọn méjèèjì ti máa ń tàkúrọ̀sọ láàárín pákó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rẹ́ mi wá ń dá sọ̀rọ̀ sí pákó. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí kéèyàn lè gbọ́rọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ fún wa lága.

"Bàbá, ẹ má bínú, èló lẹ mú lọ́wọ́? Kí n lè mọ èyí tí màá kó jáde."

"Ìwọ kọ́kọ́ sọ tìẹ ná, ọmọ mi. Kò sówó nílẹ̀ o."

Ọmọ náà gbà á gbọ́. Ó mú èyí tó pọ́ọ́kú jù jáde. Bí wọ́n ṣe fi í sí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi létí ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ìyá sì yára yọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi nawọ́ sí èyí tó ń dán jù nínú àpótí gíláàsì. Ọmọbìnrin náà dárúkọ owó, ọ̀rẹ́ mi ní ìdajì lòun máa san, ọmọ náà ní kò gbà. Ọ̀rẹ́ mi bá dìde, ó di ìyàwó ẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń rọra rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè pè é padà. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Inú ń bí mi; etí èèyàn kì í ṣe ìṣó.

Ìyàwó ẹ̀ wá sún mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ kì í mọ bó ṣe ròkè tó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́.

"Ọ̀kẹ́ mẹ́rin náírà tá a kó wá yẹn, ṣé kò tó ni? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Bí mi ò tiẹ̀ gbọ́ yín mọ́, mo ṣáà ń rí yín."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èló-ni-jálẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì padà wá jókòó.

"O ti gbọ́," ló sọ fún ọmọbìnrin náà. "Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀. Mú èyí tó máa jẹ́ kó gbọ́ mi wá."

Ọmọbìnrin náà wọ yàrá ẹ̀yìn, ó mú òmíràn wá, tí kò sí nínú gíláàsì. Èló ni? Ọ̀kẹ́ mẹ́rin géérégé. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, èmi náà ń wo àjà. Bóyá ọmọ náà rẹ́ ẹ jẹ, bóyá kò rẹ́ ẹ jẹ, mi ò mọ̀ dòní. Ọ̀rẹ́ mi sanwó náà láìbéèrè jálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi í sétí ìyá tán, ọ̀rẹ́ mi sún mọ́ ọn.

"Ṣé o ń gbọ́ mi?" ló wí jẹ́jẹ́.

Obìnrin náà gbọ́wọ́ lé ọkọ ẹ̀ léjìká.

"Ohùn yín ti darúgbó," ló sọ. "Mi ò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀."

Omi bọ́ lójú ọ̀rẹ́ mi.

"Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ," ni ìyàwó ẹ̀ wí. "Ẹ má dákẹ́."