Nígbà Tí Wọ́n Wá Ya Fíìmù Ajá Bàbá Mi

Ajá mẹ́ta ni bàbá mi ní lọ́dún tí àwọn ará tẹlifíṣàn wá sí Ṣakí, kò sì sí èyí tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ìjà nínú wọn. Àgbà wọn ń jẹ́ Kí-ló-kàn-ọ́. Èkejì, abo pupa kan tí imú rẹ̀ mú ju ti gbogbo ajá àdúgbò lọ, ń jẹ́ Ayé-ò-fẹ́ni-fọ́rọ̀. Èyí tó kéré jù ni Mo-ti-gbọ́. Ọdẹ tó ń fi ajá ṣọdẹ ni bàbá mi, irú àwọn ọdẹ bẹ́ẹ̀ kì í sì í fi orúkọ ajá ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é sọ lójú aládùúgbò, ajá ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí èèyàn bá jí láàárọ̀, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó pe ajá rẹ̀ wá jẹun, ta ni yóò mú un pé ó bú òun?

Aládùúgbò tí bàbá mi ń bá wí ni Bàbá Ahunṣọ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Wọ́n kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, wọ́n sì ń hun aṣọ òkè lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wọn. Òwú tí wọ́n bá ta fún híhun kì í mọ sí abẹ́ àtíbàbà. Ó máa ń nà gbọọrọ jáde síta, wọ́n á gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ lórí pákó kan kó lè le dáadáa, òkúta náà á sì máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i. Ajá bàbá mi kan, tó ti kú kí n tó di olùkọ́, ló lé ehoro gba àárín òwú náà lọ́jọ́ kan. Òwú aṣọ ìyàwó ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi tú u, kò sì tú tán. Láti ọjọ́ náà, àwọn bàbá méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá Ahunṣọ ò sin ajá, nítorí náà òbúkọ wọn ni wọ́n fi fèsì. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọlọ́run-ń-wò-yín.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, "Kí-ló-kàn-ọ́! Mo-ti-gbọ́!" lápá ibí, "Ọlọ́run-ń-wò-yín! Ọlọ́run-ń-wò-yín!" lápá ọ̀hún. Àlejò tó bá ń kọjá á rò pé oníwàásù méjì ló ń figa gbága.

Èmi ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Ìbẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, nígbà tí ọmọ pọ̀ ju àga lọ ní kíláàsì. Mo ti kàwé, mo ń wọ bàtà gogoro lórí àpáta Ṣakí, ojú sì ń tì mí díẹ̀ pé bàbá mi máa ń rùn bí ajá. N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bàbá mi mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí, wọn ò pe orúkọ mi mọ́. "Tíṣà" ni wọ́n ń pè mí, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ìkíni.

Nígbà ọyẹ́, ọ̀gá ilé ìwé wa ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan. Mo bá ọkùnrin kan tó wọ kóòtù lọ́fíìsì, ọmọ Yorùbá láti Ìbàdàn, àti obìnrin òyìnbó kan tó di ìwé pélébé mọ́ àyà. Ọkùnrin náà ni ọ̀gá àwọn onífíìmù. Ó ní àwọn ń ya fíìmù nípa àwọn èèyàn tí ìgbé ayé wọn ṣàjèjì, àti nípa ẹranko igbó, àwọn sì ti gbọ́ pé àwọn ọdẹ wà níhìn-ín tí wọ́n fẹ́ràn ajá ju ìyàwó wọn lọ. Òyìnbó yìí ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nínú fíìmù náà, ó sì nílò ògbufọ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ Yorùbá ni, sà?"

"Mo gbọ́ ọ," ó wí, "ṣùgbọ́n Yorùbá ìgboro ni tèmi. Ti àwọn ọdẹ ti jinlẹ̀ jù."

Ọ̀gá ilé ìwé bá rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ tún ń wá kiri? Ọdẹ ajá gan-an ni bàbá tíṣà yìí."

Mo wolẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé ìwé pé àgbẹ̀ ni bàbá mi.

Nígbà tí a dé ilé lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti múra. Wọ́n ti gẹrun. Wọ́n wọ kakí tí wọ́n lọ̀ tó gún régé, wọ́n wọ sálúbàtà tuntun, aago ń dán lọ́rùn ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbé rédíò sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kẹ̀kẹ́ wọn, tí wọ́n ti fi òróró nù, fara ti ògiri lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá onífíìmù wò wọ́n bí ìgbà tí èèyàn ra iṣu tó jẹrà.

"Bàbá, ẹ bá wa bọ́ aago yẹn," ó wí. Wọ́n bọ́ ọ. "Àti kakí náà. Ṣé ẹ ò ní aṣọ ọdẹ ni?" Wọ́n ní àwọn ní gbérí kan, ṣùgbọ́n ìyá mi ti ń fi í nulẹ̀. "Ìyẹn gan-an ló dára," ọ̀gá wí. Ó ní kí wọ́n gbé rédíò wọlé, kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n bọ́ sálúbàtà.

Bàbá mi yíjú sí mi. "Tíṣà, bá mi bi wọ́n, ṣé kí n yọ eyín náà?"

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n wọ gbérí tó ti ya léjìká, wọ́n dúró láìwọ bàtà sí iwájú ilé tí wọ́n fi owó kòkó bò ní páànù nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀ṣà. Òyìnbó tọ́ka sí ajá àgbà, ó bi mí pé kí lorúkọ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì: "Kí ló kàn ọ́."

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ má bínú," ó wí, "mo kàn ń béèrè ni."

Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó là á yé e. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ pa ajá náà lórí. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi rìn nínú ọ̀dàn lójú ọ̀nà Ofiki láìrí ẹranko kan. Iná ti jó igbó lọ, ilẹ̀ dúdú títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ẹ̀rọ fíìmù náà ń kùn bí ọlọ, òórùn lọ́fíńdà ọ̀gá sì ń ṣíwájú wa ní bí ibùsọ̀ kan. Bàbá mi sọ pé ẹtu tó bá gbọ́ òórùn yẹn á rò pé wọ́n ń gbé ìyàwó bọ̀. N ò túmọ̀ ìyẹn.

Ohun tí bàbá mi sọ lọ́jọ́ mẹ́ta náà pọ̀, n ò sì gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé. Wọ́n fi ìrù Ayé-ò-fẹ́ni-fọ́rọ̀ han òyìnbó: bó bá nà án gbọọrọ, ẹtu ló ń gbóòórùn, bó bá ká a sábẹ́, ejò ni. Lọ́sàn-án gangan, bí a bá jókòó lábẹ́ igi emi, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ ajá kọ̀ọ̀kan lé itan, wọ́n á yọ kùkùté koríko jíjó tó gún wọn, wọ́n á fi òrí pa á, wọ́n á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ìyá ọlọ́mọ. Òyìnbó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ní kí wọ́n ya ìyẹn, ọ̀gá onífíìmù mirí.

"Ta ló fẹ́ wo ìyẹn?" ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ làwọn èèyàn fẹ́ wò."

Lọ́jọ́ kẹrin, ó rẹ ọ̀gá. Ó ní kí bàbá mi ṣáà jẹ́ kí àwọn ajá sáré ní pápá ẹ̀yìn ilé wa. Òun mọ bí òun yóò ṣe to ìyókù. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Bàbá mi súfèé, ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tú jáde bí ọfà, ṣaworo ń ró lọ́rùn wọn. Wọn ò tíì sáré dé ìdajì pápá tí Ọlọ́run-ń-wò-yín fi gbórí sókè nínú koríko tó ti ń jẹun jẹ́jẹ́.

Kò sí ẹranko mìíràn tí wọ́n rí láti ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n lé e. Òbúkọ náà fò, ó yí po, ó dorí kọ ilé. Bàbá Ahunṣọ sì ju ọkọ̀ ìhunṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n jáde sí pápá láìdé fìlà, wọ́n gbé apá méjèèjì sókè, wọ́n ń ké tantan pé, "Ọlọ́run-ń-wò-yín! Yéè! Ọlọ́run-ń-wò-yín!"

Ẹ̀rọ fíìmù yí sí wọn, ó sì dúró lójú wọn.

Bàbá mi ń pe àwọn ajá padà, ṣùgbọ́n Mo-ti-gbọ́ ò gbọ́. Ó ti hán òbúkọ ní etí. N ò rí i kí bàbá mi sáré láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n wọ́n sáré lọ́jọ́ náà láìwọ bàtà lórí kùkùté koríko, wọ́n ṣubú lé ajá àti òbúkọ, wọ́n sì fọwọ́ là wọ́n. Nígbà tí Bàbá Ahunṣọ dé ibẹ̀, bàbá mi di òbúkọ náà mú, ẹ̀jẹ̀ wà lára gbérí. Wọn ò wo ojú Bàbá Ahunṣọ.

"Etí nìkan ni," bàbá mi wí. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wọn láti ọjọ́ tí ajá ti ba òwú aṣọ ìyàwó jẹ́.

Bàbá Ahunṣọ gbé òbúkọ wọn. "Ọlọ́run-ń-wò-yín," wọ́n bá òbúkọ náà sọ̀rọ̀, "ṣé o gbọ́? Wọ́n ní etí nìkan ni." Wọ́n sì lọ.

Inú ọ̀gá dùn kọjá ààlà. Òyìnbó wá bá mi, ó ní, "Kí ni bàbá yẹn ń ké?" Oòrùn ti mú mi. Ojú ń tì mí nítorí àwọn bàbá méjèèjì. Níbo ni n bá ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé lórí òwú ni, àbí lórí ehoro? Mo ní, "Ó ní Ọlọ́run ń wò yín."

Kì í ṣe irọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí fíìmù náà tó jáde. Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá ilé ìwé tan jẹnẹrétọ̀, pálọ̀ wọn sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi jókòó lápá òsì nínú kakí wọn. Bàbá Ahunṣọ jókòó lápá ọ̀tún.

Ohùn ọkùnrin kan ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ilé. Ó ní Òkè Ògùn ni ibí yìí, níbi tí ayé ò tíì dé. Kìnnìún kan jáde. Ó pa ẹranko kan tó dà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n fi ẹfun àti èédú kùn. Bàbá mi yíjú sí mi. "Tíṣà, oko ta nìyẹn?" Lẹ́yìn náà ni bàbá mi fúnra wọn jáde nínú àkísà. Ohùn náà ní bàbá yìí ò mọ aago, oòrùn ni aago tirẹ̀. Bàbá mi wo ọwọ́ wọn. "Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú," wọ́n sọ fún tẹlifíṣàn náà.

Ajá sáré. Ẹ̀jẹ̀ hàn, òbúkọ ò hàn. Bàbá Ahunṣọ wá kún ojú tẹlifíṣàn, apá sókè, omi lójú. Ohùn náà rọlẹ̀. Ó ní àwọn àgbà abúlé máa ń jáde ké pe Ọlọ́run ayérayé, kí ẹ̀mí ẹran tó kú lè sinmi.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ìwé ń fọwọ́ lu itan. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà," wọ́n wí, "ta ló sọ fún wọn pé àdúrà ni?"

Mo lè sọ pé n ò mọ̀. Mo ní, "Èmi ni, bàbá. N ò sọ pé àdúrà ni, ṣùgbọ́n n ò sọ fún wọn pé orúkọ òbúkọ ni. Ojú ló tì mí."

"Ojú ta ló tì ọ́?"

Bàbá Ahunṣọ ló wúkọ́ lápá ọ̀tún. "Bàbá Tíṣà," wọ́n wí, "ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Lójú tèmi, àdúrà ni mo ń gbà. Ta ló tún lè gbà á sílẹ̀ lẹ́nu ajá yín?"

Bàbá mi rò ó wò. "Ó gbà," wọ́n wí. "Òbúkọ yè."

Wọn ò di ọ̀rẹ́ nítorí ìyẹn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe ẹran wọn tán. Lọ́dọ̀ mi ní kíláàsì, odidi sáà kan ni mo fi ń bá àwọn ọmọ jiyàn pé kò sí kìnnìún lọ́nà Ofiki. Wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn rí i lórí tẹlifíṣàn, àti pé ohùn mi ni àwọn fi gbọ́ ọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, bàbá mi ní kí n múra lọ́jọ́ Sátidé, kí n tẹ̀ lé àwọn. N ò béèrè ìdí. Mo yá bàtà pẹlẹbẹ ìyá mi wọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dàn, iná ṣì ń jó níwájú lọ́hùn-ún, àwọn àṣá ń fò wọ inú èéfín, wọ́n ń ṣa tata tó ń sá jáde. Ayé-ò-fẹ́ni-fọ́rọ̀, abo pupa náà, dúró lójijì, ìrù rẹ̀ sì nà gbọọrọ. Mo la ẹnu láti béèrè bóyá ẹtu ló gbóòórùn.

"Pa ẹnu mọ́, Tíṣà," bàbá mi wí jẹ́jẹ́, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.