Ojú Ìyàwó Mi Láàárín Òpó

Aṣọ àǹkárá ni ìyàwó mi ń tà ní ọjà Mont-Bouët, nílẹ̀ àjèjì tí a ń gbé. Bó bá la ẹnu pe oníbàárà, takisí tó ti ń lọ á dúró. Nígbà tó kú, ìdákẹ́jẹ́ ilé wa ní àdúgbò Awendjé fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Iṣẹ́ mi ni fífi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sára ilé, torí náà mo fi sìmẹ́ńtì mọ ère orí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, mo gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Ẹnu tó là báyìí, ta ló ń bú? Monsieur, ẹ gbé e kúrò kí wọ́n má baà rò pé ìjọba ló ń bú." Mo ní oníbàárà ló ń pè. Kò gbà. Mo gbé e padà sínú takisí, awakọ̀ sì ní kí n sanwó ìjókòó fún un.

Lẹ́yìn náà ni Alhaji kan, ọmọ ilẹ̀ wa tó ń ṣòwò ní àdúgbò Rio níbí, ní kí n ṣe òpó kéékèèké yí bákónì òkè ilé òun ká. Ó kìlọ̀: "Má fi ojú èèyàn sílé mi o. Málàíkà kì í wọ ilé tí ère bá wà."

Bí ọ̀nà kan ò bá dí, ọ̀kan kì í là. Mo ṣe òpó náà pẹlẹbẹ, mo gbẹ́ etí rẹ̀ kan, débi pé àyè tó ṣófo láàárín òpó méjì di ojú ìyàwó mi bí èèyàn ṣe ń rí i láti ẹ̀gbẹ́ kan: iwájú orí, imú, ẹnu tó là. Òpó kò lójú; afẹ́fẹ́ ló ni ín. Alhaji wò ó títí, kò rí ojú kankan, ó ṣàdúrà fún mi.

Tí oòrùn bá ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá, èmi nìkan á dúró lódìkejì títì máa wò ó. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ń rẹ́rìn-ín pé mo ti fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Àdáwà ló kù.

Ọmọbìnrin wa, tí a bí síbí, ni mo gbójú lé. Imú yẹn gan-an ló wà lójú rẹ̀. Mo mú un lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Wò ó dáadáa."

Ó wò ó. Ó yà á ní fótò.

"C'est joli, papa, ó rẹwà. On y va? Ká máa lọ, takisí ń dúró."

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo fẹ́ kó dá ìyá rẹ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀. Títí a fi délé ni mo ń bú ọ̀gá gbọ̀ngàn nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kí n pa ẹnu tèmi dé.