Ọkùnrin tó júwe ibi tí áńtẹ́nà yóò dúró ní Abígi

Ẹ má bá mi jiyàn. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ní ọ̀sán gangan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán ni. Mi ò mutí, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, kì í sì í ṣe òkú ló ń bí mi nínú.

Iṣẹ́ mi ni gbígbé áńtẹ́nà sókè. Àtìkòrì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láti ayé tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun ni mo sì ti ń gun òrùlé káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó.

Bísọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ló wá bá mi. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ́ ohun tí bàlúù ń sọ. Àṣé gbogbo bàlúù tó ń kọjá lókè ló ń kéde ara rẹ̀: orúkọ rẹ̀, ibi tó dé, bó ṣe ga tó. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn kì í yà kúrò lọ́nà. Bí òkè, igi tàbí táǹkì omi bá dí i, ó parí. Áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ ga, kó sì rí ojú ọ̀run yíká.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, igi tíìkì dí wa. Bísọ́lá wá rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Abígi, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lọ sí ìhà ọ̀sà. Alhaja kan, opó, ló ni ín.

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í fẹsẹ̀ kan àkàbà láìbi onílé pé: ta ló gun òrùlé yìí kẹ́yìn, kí ló sì ṣe é? Ibẹ̀ la ti ń mọ igi tó jẹrà àti ibi tí agbọ́n wà. Onílé gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ẹ̀mí ẹni tó ń gòkè ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo bi Alhaja. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Ẹ máa gùn ún."

Mo gùn ún. Páànù gbóná bí agbada tó wà lórí iná. Bísọ́lá dúró nínú àgbàlá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń ka iye bàlúù tó ń gbọ́ fún mi. Mo gbé páìpù áńtẹ́nà síwájú.

"Mẹ́ta péré, Bàbá."

Mo sún un.

"Mẹ́rin. Bàbá, ṣé oorun ń kùn yín ni?"

Mo ní kó gòkè wá bó bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀, Ọ̀gá."

Ọkùnrin kan ni, bí ẹni ogójì ọdún. Ó so wáyà pẹlẹbẹ kọ́ èjìká, irú èyí tí a ń lò fún tẹlifíṣọ̀n láyé ọjọ́sí. Mo rò pé ará ilé ni. Mo sún sẹ́yìn.

"Mẹ́sàn-án," Bísọ́lá wí.

"Ẹ tún sún un."

"Mẹ́rìnlá."

Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó mọṣẹ́ nìyí.

Mo wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ẹ gbà mí gbọ́, páànù tó ń jó mi látinú sálúbàtà, ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró lé e, páànù ò sì dún lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ku ẹsẹ̀ kan," ó rọra wí.

Síbẹ̀ mo bi í pé, "Ṣé ibí?" Ẹsẹ̀ mi ti ń sún kí n tó mọ̀.

"Mọ́kànlélógún," Bísọ́lá ké. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. "Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Gìgísẹ̀ mi ọ̀tún ti wà nínú afẹ́fẹ́. Igi abẹ́ páànù níbẹ̀ ti jẹrà, ó ń rì lọ. Mo ṣubú síwájú, mo dojú bolẹ̀, mo sì ju páìpù sílẹ̀. Kò já bọ́. Irin oníhò àtijọ́ kan wà létí òrùlé, irú èyí tó ń di òpó áńtẹ́nà mú, tí ẹnìkan ti kàn mọ́ ògiri rí. Inú rẹ̀ ni páìpù mi wọ̀, ó sì dúró ṣánṣán.

Nígbà tí mo gbójú sókè, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Àyà ni mo fi wọ́ dé orí àkàbà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Alhaja, ọkùnrin kan wà lókè."

Kò yà á lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé wáyà ṣì wà léjìká rẹ̀?"

Ẹ ò rí ìwà ìkà? Ó mọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé ọkọ òun ló rán oníṣẹ́ áńtẹ́nà kan gòkè nínú òjò láyé ọjọ́sí, nítorí pé ó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin náà já bọ́, ó kú. Wọ́n gbé e lọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìwòpín, wọ́n ní ó mutí, pé orí ọ̀pẹ ló ti já. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀mùtí.

"Ọkọ mi ló ní kí n fi Àlùkùránì búra pé mi ò ní sọ," Alhaja ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

Mo ní, "Ṣé kí ẹ lè pa ìbúra mọ́ ni ẹ ṣe fẹ́ fi èmi rúbọ?"

Ó bu omi wá. Mi ò mu ún. Mo ní títí tí yóò fi lọ sọ òótọ́ fún àwọn èèyàn ọkùnrin náà ní Ìwòpín, ẹsẹ̀ mi ò ní kan àkàbà ilé rẹ̀ mọ́. Títí di òní, kò tíì lọ.

Áńtẹ́nà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Bísọ́lá ní ó ń gbọ́ bàlúù tó wà lórí òkun lọ́hùn-ún. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn ń ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí ó ń wá ẹni tí yóò bá a já bọ́.

Mo gbọ́ pé wáyà áńtẹ́nà náà ti ń tú, wọ́n sì ti ń wá oníṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òrùlé, bí wọ́n bá pè yín sí Abígi, tí ohùn pẹ̀lẹ́ kan ní kí ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má sún. Bí iye bàlúù tilẹ̀ ń lé sí i, ẹ má sún.